Fífi awò VR kọ́ èdè Ṣáínà: ìbéèrè tí ẹ ń bi mí lójoojúmọ́

Ẹ kú déédéé ìwòyí o. Iṣẹ́ mi ni kí n máa kọ́ èèyàn ní èdè Ṣáínà, Èkó ni mo wà. Àwọn tó pọ̀ jù nínú àwọn tí mò ń kọ́ jẹ́ oníṣòwò tó ń lọ kó ọjà ní Guangzhou àti Yiwu, àwọn yòókù jẹ́ ọmọ yunifásítì tó ń wá sikọ́láṣíìpù, ẹnì kan méjì ń bá kọ́ńpìnnì àwọn ará Ṣáínà ṣiṣẹ́. Àtìgbà tí mo ti ń gbé awò VR wọ kíláàsì ni ìbéèrè ti ń rọ́ wá, lórí WhatsApp, ní ṣọ́ọ̀ṣì, kódà níbi ìsìnkú ẹbí wa kan. Mo wá ní kí n kọ gbogbo ẹ̀ sójú kan, kí ẹni tó bá tún fẹ́ bi mí kàn wá kà á níbí.

VR yìí gan-an, kí ni?

Ó dà bí awò ńlá kan tí èèyàn ń dè mọ́jú, ó bo ojú pátápátá débi pé èèyàn ò ní rí ilé tó wà mọ́. Àwòrán méjì ló wà nínú ẹ̀, ojú ọ̀tún ní tiẹ̀, ojú òsì ní tiẹ̀, wọ́n yàtọ̀ síra díẹ̀ bí ojú wa méjèèjì ṣe máa ń rí nǹkan lóòótọ́, ọpọlọ á wá pa á pọ̀, ẹ ó wá rí i pé nǹkan kan jìnnà, òmíràn súnmọ́. Tí ẹ bá yíjú, awò yẹn mọ̀ pé ẹ yíjú, á yí ayé inú ẹ̀ náà fún yín. Òun ló ń jẹ́ kára gbà pé èèyàn ti dé ibẹ̀.

Oríṣi méjì ló wà, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fi èyí sọ́kàn torí mo máa padà sí i. Ọ̀kan mọ̀ pé ẹ yíjú, kò mọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ìyẹn ni èyí tí ẹ ń ki fóònù bọ inú páálí. Èkejì mọ̀ tí ẹ bá rìn síwájú, tí ẹ bẹ̀rẹ̀, tí ẹ na ọwọ́, irú Meta Quest, Pico, HTC Vive.

Kí ló wá kan èdè Ṣáínà níbẹ̀? Ṣé èèyàn ò lè fi ìwé kọ́ ọ ni?

Ó lè fi ìwé kọ́ ọ. Ìwé àti CD lèmi fi kọ́ ọ, mi ò ní parọ́. Àmọ́ ẹ wò ó, ẹni tó bá ń kọ́ Yorùbá n'Íbàdàn, tó bá ti jáde nílé báyìí ó ti dé kíláàsì nìyẹn, ẹlẹ́kọ á kí i, kọ̀ńdọ́ á pariwo mọ́ ọn, ọmọdé á fi í ṣeré, kó tó di alẹ́ ó ti gbọ́ ọ̀rọ̀ kan náà nígbà ogún. Ẹni tó ń kọ́ èdè Ṣáínà l'Ékòó ńkọ́? Tó bá ti pa ìwé dé, ó parí nìyẹn, kò sẹ́ni tó máa bá a sọ ọ́ títí di Sátidé tó ń bọ̀. Ọ̀rọ̀ tí ò bá sì ríbi jókòó sí, á lọ ni. Mo ti kọ́ ọmọ kan tó há ọ̀rọ̀ tó lé ní ẹgbẹ̀rún sórí, ó dúró níwájú ará Ṣáínà kan lọ́jọ́ kan, ẹnu ẹ̀ ò ṣí.

Nǹkan tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ mú dání nínú gbogbo ohun tí mo máa sọ nìyí: VR kì í kọ́ èèyàn lédè. Ibi tí èèyàn á ti lo èdè ló ń fún èèyàn. Ẹni tó bá ní kẹ́ ẹ kàn de awò mọ́jú fún oṣù mẹ́ta, ẹ ó máa sọ ọ́ bí ọmọ Beijing, owó yín ló ń wá.

Wọ́n ní ohùn èdè yẹn le. Ṣé VR lè bá mi ṣe é?

Ibí yìí ni mo fẹ́ jókòó sí dáadáa. Òyìnbó ló sọ pé ohùn èdè Ṣáínà le, ó sì le fún wọn lóòótọ́, torí èdè tiwọn kì í fi ohùn ya ọ̀rọ̀ kan sọ́tọ̀ sí òmíràn. Àwa ńkọ́? Ọmọ kékeré tó ń sọ Yorùbá nílé ti mọ̀ pé igbá yàtọ̀ sí ìgbà, ìgbà yàtọ̀ sí igba, kò sì sẹ́ni tó jókòó kọ́ ọ. Ó máa ń dùn mí tí ọmọ Yorùbá bá wọlé tó ti ń bẹ̀rù ohùn kó tó gbọ́ ẹyọ kan, torí ìwé tí wọ́n kọ fún ará Amẹ́ríkà ló kà.

Ohùn mẹ́rin ni wọ́n ní, yàtọ̀ sí ọ̀kan tí wọ́n kàn máa ń pè fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́. Àpẹẹrẹ tí gbogbo tíṣà máa ń lò ni ma: mā ni ìyá, má ni irúgbìn kan tí wọ́n ń fi èèpo ẹ̀ ṣe okùn, mǎ ni ẹṣin, mà ni kéèyàn bú èèyàn. Ó dáa, ẹ wá sọ gbólóhùn Yorùbá mẹ́rin yìí síta, ẹ má kàn kà á sínú:

Má lọ.
Màá lọ.
Ó mà lọ o.
Kó máà lọ.

Ẹ ti pe mẹ́rẹ̀ẹ̀rin nìyẹn. "Má" tó wà nínú "má lọ" ni mā, ìyá, ó wà lókè kò yẹ̀. "Màá" ni má, ó tìsàlẹ̀ gòkè. "Mà" tó wà nínú "ó mà lọ o" ni mǎ, ẹṣin, torí tí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ lọ geere, ìsàlẹ̀ lohùn kẹta yẹn máa ń wà, ìgbà tó bá dá dúró tàbí tó parí ọ̀rọ̀ ló máa ń gòkè díẹ̀ lẹ́yìn. "Máà" ni mà, ó tòkè bọ́ sílẹ̀. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ rí èyí, mo dìde lórí ìjókòó ni, mo ń pè é kiri ilé, má, màá, mà, máà, ìyàwó mi ní ṣé kò sí o.

Ìṣòro tiwa kì í ṣe etí, àmì ni. Láti 1958 ni ìjọba Ṣáínà ti gba pinyin wọlé, ìyẹn bí wọ́n ṣe ń fi lẹ́tà a b d kọ èdè wọn, àmì tí wọ́n fi sórí ẹ̀ sì jọ tiwa, àmọ́ kì í ṣe tiwa. á tiwọn kì í ṣe á tiwa. à tiwọn kì í ṣe à tiwa, torí tiwa wà nísàlẹ̀ jẹ́ẹ́, tiwọn tòkè já lulẹ̀. Ẹ wá wo ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀: mǎi ni kéèyàn ra nǹkan, mài ni kéèyàn tà á. Ọmọ Yorùbá á rí mài nínú ìwé, á fi ohùn ìsàlẹ̀ tiwa kà á, ó ti di mǎi létí ará Ṣáínà. Ó fẹ́ sọ pé òun ń tà, wọ́n gbọ́ pé ó ń rà. Oníṣòwò o!

Ibẹ̀ ni VR ti wúlò fún mi jù. Nínú awò, mi ò kí ń jẹ́ kí wọ́n rí pinyin rárá fún ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́. Kò síwèé lọ́wọ́, kò sí ohun tí wọ́n máa kọ sílẹ̀, ọjà ni wọ́n wà, etí ló ń gbọ́, ẹnu ń tẹ̀ lé etí. Tí a bá wá ṣí ìwé lẹ́yìn náà, ohùn ti wà lẹ́nu wọn, àmì ò lè ṣì wọ́n lọ́nà mọ́.

Áàpù tí mo ní máa ń gbọ́ ohùn mi, ó sì ní mo gbà á. Ṣé mo ti mọ̀ ọ́n nìyẹn?

Ẹ rọra o. Àwọn áàpù tó ń sọ ọ̀rọ̀ ẹnu di ọ̀rọ̀ kíkọ, wọ́n máa ń wo ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kí wọ́n tó pinnu ohun tí ẹ sọ. Tí ẹ bá dúró níwájú eléso tí ẹ ní ẹ fẹ́ ra ápù, bí ohùn yín tiẹ̀ rí bákan, ó lè kọ ọ́ gbà fún yín, torí kí lẹ tún fẹ́ ṣe níbẹ̀. Shuǐjiǎo ni oúnjẹ kan tí wọ́n fi ìyẹ̀fun wé ẹran, shuìjiào ni kéèyàn sùn. Ẹ wọ ilé oúnjẹ kẹ́ ẹ sọ èkejì, ẹ̀rọ á gbé oúnjẹ wá, èèyàn á wo ojú yín.

Torí ẹ̀ ni mo ṣe máa ń gbé àwòrán inú awò sórí tẹlifíṣọ̀n, èmi náà á rí ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ ń rí, màá jókòó tì í, tí ohùn bá ti ṣì màá fi ìka kan tábìlì lẹ́ẹ̀kan. Mi ò ní dá ọ̀rọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu. Ó gbọ́ kó, ó mọ̀ pé nǹkan ti bọ́, á tún un pè.

Kí lẹ ń ṣe nínú ẹ̀ gan-an? Ẹ ṣàlàyé ọjọ́ kan fún wa.

Ìyá kan wà tó ń ta báàgì ní Bálógun, ọdún pípẹ́ ló ti ń rà á lọ́wọ́ àwọn tó ń kó o wọlé, ó wá ní òun náà fẹ́ lọ sí Guangzhou fúnra òun. Akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́ kan tó ń ṣòwò níbẹ̀ ti bá mi ya fídíò tó yí èèyàn ká nínú ṣọ́ọ̀bù báàgì kan, ó gbàṣẹ lọ́wọ́ ọlọ́jà kó tó yà á. Fídíò lásán ni, kò lè dá èèyàn lóhùn. Èmi ni mò ń fi ẹnu ṣe ọlọ́jà láti ẹ̀yìn.

Mo de awò mọ́ màmá lójú. Ó dákẹ́. Ó wo òkè, ó wo ẹ̀yìn, báàgì lọ́tùn-ún, báàgì lósì, wọ́n so ó dé àjà, obìnrin kan jókòó sídìí káńtà pẹ̀lú ẹ̀rọ ìṣirò níwájú ẹ̀, torí bí wọ́n ṣe ń dá owó níbẹ̀ nìyẹn, wọ́n á tẹ iye rẹ̀ wọ́n á yí i sí yín. Ohun tí màmá kọ́kọ́ ṣe ni pé ó tẹ orúnkún díẹ̀, ó ní "Nín hǎo." Ó ń kí obìnrin inú fídíò. Nín yẹn ni "ẹ" tiwọn fún ẹnì kan tí èèyàn bọ̀wọ̀ fún, nǐ ni "o". Lọ́jọ́ tí mo kọ́ wọn ní nǐ, òun ló kọ́kọ́ bi mí pé, "Tíṣà, 'ẹ' tiwọn dà?" Ìwé tí mo fi ń kọ́ wọn ò tíì débẹ̀, àmọ́ ọmọ Yorùbá ò lè dúró.

Ó na ọwọ́ sí báàgì dúdú kan. "Zhège duōshao qián?" Èló nìyí? Mo ní "Bāshí," 80. Ẹ ò rí ìyá yìí. "Tài guì le!" Ó ti wọ́n jù! Tài, guì, méjèèjì ń tòkè já sílẹ̀, bí ẹni tí wọ́n pe iye tó bí nínú ní Bálógun gẹ́lẹ́, mi ò ní láti kọ́ ọ ní ohùn yẹn, inú ẹ̀ ló ti wá. Ó wá ju ọwọ́, ọwọ́ bá ife tó wà lórí tábìlì mi, omi dà sórí ìwé. Kò tiẹ̀ mọ̀. Ó ní "Sìshí!" 40. Mo ní "Shísì?" 14. Ó dúró. Ó pè é jẹ́jẹ́ lábẹ́ ẹnu, sì-shí, shí-sì, ó ní "Rárá o. Sìshí." A ná an títí, a parí ẹ̀ sí 55.

Ìyàtọ̀ sìshí sí shísì yẹn, ẹ má fojú kéré ẹ̀. Àwọn ará Ìbàdàn tó máa ń pe iṣu ní isu, ẹ ó ṣiṣẹ́ díẹ̀ níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ará gúúsù Ṣáínà náà sì máa ń pe sh ní s bíi tiyín, ìyẹn túmọ̀ sí pé ní Guangzhou, ohùn nìkan ló lè kù tí ẹ máa fi mọ̀ bóyá 40 ni àbí 14.

Lẹ́yìn tó bọ́ awò, mo kọ́ ọ ní bí wọ́n ṣe ń fi ọwọ́ kan ka nǹkan dé mẹ́wàá. Mẹ́fà, àtàǹpàkò àti ìka kékeré ló máa yọ. Mẹ́jọ, àtàǹpàkò àti ìka tí a fi ń júwe. Tí ariwo bá pọ̀ lọ́jà, ọwọ́ nìkan ló ń sọ̀rọ̀, ẹni tó bá rò pé mẹ́jọ yẹn jẹ́ méjì, á dá owó tí kò yẹ. Awò Quest ti lè rí ìka ọwọ́ fúnra ẹ̀ láìsí kọ̀ntírólà láti òpin 2019, ẹ lè fi kọ́ èyí nínú ẹ̀, àmọ́ ọwọ́ àti ọwọ́ náà tó.

Gírámà ńkọ́?

Ibi tí mo fẹ́ràn jù lẹ́yìn ohùn nìyí. Gbólóhùn kan wà tó ń lo bǎ: "Bǎ bēizi fàng zài zhuōzi shang." Tí ẹ bá tú u bó ṣe tò, ó ní: mú ife, gbé e sí orí tábìlì. Ìwé tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ máa ń lo ojú ewé púpọ̀ láti ṣàlàyé bǎ, wọ́n ní ó ṣòro. Àwa ti ń sọ "mú ìwé wá", "gbé e lọ", "fi ọ̀bẹ gé e" láti kékeré, ọ̀rọ̀ ìṣe lórí ọ̀rọ̀ ìṣe. Ná lái, mú wá. Ná qù, mú lọ. Shànglái, gòkè wá. Shàngqù, gòkè lọ, ó sì dá lórí ibi tí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ dúró sí, bíi tiwa gẹ́lẹ́. Ohun tó yí padà kò ju pé wọ́n á pe tábìlì kí wọ́n tó pe orí: zhuōzi shang.

Nínú awò tó mọ ọwọ́, akẹ́kọ̀ọ́ á gbé ife náà ní ti gidi, á sọ ọ́ bó ṣe ń gbé e. Ara ń ṣe é, ẹnu ń sọ ọ́. Mo ti rí ẹni tí mo kọ́ ní bǎ lórí pátákó fún odindi oṣù kan, ó gbà á láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí ọwọ́ ẹ̀ wọ̀ ọ́. Páálí àti fóònù ò lè ṣe èyí o, torí kò mọ̀ pé ẹ na ọwọ́. Ìyàtọ̀ tí mo ní kẹ́ ẹ fi sọ́kàn nìyẹn.

Ṣé mo lè fi kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ hànzì, ìyẹn àmì tí wọ́n fi ń kọ èdè Ṣáínà sílẹ̀?

Kíkọ ẹ̀, rárá lójú tèmi. Àwọn irinṣẹ́ kan wà tó ń jẹ́ kéèyàn fi búrọ́ọ̀ṣì kọ nǹkan sínú afẹ́fẹ́, Tilt Brush tí Google gbé jáde ní 2016 ni mo mọ̀ jù, wọ́n ti fi sílẹ̀ fún gbogbo ayé láti 2021. Ó dùn ún wò lẹ́ẹ̀kan, igi kan 木, méjì 林, mẹ́ta 森 di igbó, kẹ́ ẹ sì rìn gba àárín ẹ̀ kọjá. Àmọ́ bírò àti ìwé ni hànzì fẹ́, ọwọ́ kékeré, ìlà tó ń ṣáájú ìlà. Ohun tí mo máa ń lò ó fún ni kíkà àkọlé: 出口 ni ọ̀nà àbájáde, 地铁 ni ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀, 男 ni ọkùnrin, 女 ni obìnrin, 推 lórí ilẹ̀kùn ni tì í, 拉 ni fà á. Ẹni tó ti fojú rí wọn níbi tí wọ́n wà kì í gbàgbé.

Ṣé ẹnì kan ti ṣe irú ẹ̀ rí, àbí ẹ̀yin lẹ dá a sílẹ̀?

Èmi kọ́ o. Yunifásítì Monash ní Australia ti ní erékùṣù tí wọ́n pè ní Chinese Island nínú Second Life, ayé orí kọ̀ǹpútà kan tó ṣí ní 2003. Kò gba awò, ojú kọ̀ǹpútà lásán ni, àmọ́ èrò náà ni: wọ́n á rán akẹ́kọ̀ọ́ níṣẹ́, wọ́n á ní kó fi èdè Ṣáínà bá àwọn tó wà níbẹ̀ sọ̀rọ̀ kó tó lè jẹ́ ẹ.

Èyí tó wù mí jù ni ti Rensselaer Polytechnic Institute ní ìpínlẹ̀ New York, àwọn àti IBM Research ló jọ ṣe é. Yàrá ni, kì í ṣe awò. Ojú àwòrán ńlá yí gbogbo ara ògiri ká, akẹ́kọ̀ọ́ á wọlé bí ẹni wọ ilé oúnjẹ ní Beijing, agbóúnjẹ tó jẹ́ ẹ̀rọ á bi wọ́n ní ohun tí wọ́n máa jẹ, wọ́n á sì fi èdè Ṣáínà dá a lóhùn. Ohun tí mo rí kọ́ níbẹ̀ ni pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń rí ara wọn. Awò máa ń dá èèyàn nìkan wà, ẹni tó kù á kàn máa wo ògiri. Látìgbà náà ni mo ti ń fi méjì méjì sí i, ẹnì kan á de awò, èkejì á máa wo tẹlifíṣọ̀n, á máa ta á lólobó, wọ́n á sì pààrọ̀.

Èló ló ń ná èèyàn?

Nígbà tí Quest 2 jáde ní October 2020, $299 ni wọ́n tà á l'Ámẹ́ríkà. Quest 3 jáde ní 2023, $499, Quest 3S tẹ̀ lé e ní 2024, $299. Ẹ ṣírò ẹ̀ sí náírà, ẹ fi owó ẹni tó máa gbé e wá lé e, ẹ ó rí i pé ọ̀pọ̀ nínú wa ò lè ra ju ẹyọ kan lọ. Ẹyọ kan náà tó. Ẹyọ kan ṣoṣo lèmi náà ní fún ìgbà pípẹ́.

Tí kò bá sówó, ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú páálí. Google gbé Cardboard jáde ní 2014, wọ́n ṣíwọ́ títà á ní 2021, àmọ́ wọn ò fi bí wọ́n ṣe ń ṣe é pa mọ́, àwọn ẹlòmíì ṣì ń ṣe é. Fóònù yín gbọ́dọ̀ ní nǹkan tí wọ́n ń pè ní gyroscope, òun ló ń jẹ́ kó mọ̀ pé ẹ yí i, fóònù olówó pọ́ọ́kú púpọ̀ ni kò ní in. Bẹ́ ẹ ṣe máa mọ̀: ẹ ṣí fídíò tó yí èèyàn ká lórí YouTube, ẹ gbé fóònù yí ká, tí àwòrán ò bá yí tẹ̀ lé yín, ẹ má wulẹ̀ ra páálí.

Ẹ má sì kọ́ gbogbo iṣẹ́ yín lé áàpù kan ṣoṣo. Google ní Expeditions tí ọ̀pọ̀ tíṣà kárí ayé ń fi gbé ọmọ lọ sí ìlú òkèèrè, wọ́n tì í pa ní 2021. Fídíò tí ẹ tọ́jú sínú fóònù yín, kò sẹ́ni tó lè tì í.

Iná àti dátà ńkọ́?

Awò kì í lò ju bíi wákàtí méjì lọ kí bátìrì tó tán, ìyẹn tó fún èèyàn méje mẹ́jọ tí kálukú bá lo ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ẹ ṣájì ẹ̀ nígbà tí iná bá wà, ẹ má dúró dọjọ́ kíláàsì. Fídíò tó yí èèyàn ká ń jẹ dátà gan-an torí gbogbo ibi tí ẹ ò wò náà ló ń wọlé. Ẹ wà á sílẹ̀ lóru.

Ilé ìwé kan wà tí mo mọ̀, wọ́n ra awò mẹ́wàá lẹ́ẹ̀kan, wọ́n ya fọ́tò, wọ́n pe àwọn òbí. Kò sẹ́ni tó kọ́ tíṣà bí wọ́n ṣe ń tan án, kò sí Wi-Fi tó lè gbé e, wọ́n tì í mọ́ kọ́bọ́ọ̀dù. Nígbà tí wọ́n pè mí, bátìrì ti kú nínú mẹ́ta. Owó yẹn ì bá ti san owó oṣù tíṣà kan fún sáà tó pọ̀, ó sì dùn mí dọ́kàn torí àwọn ọmọ yẹn fẹ́ kọ́ ọ.

Orí máa ń fò mí, ó sì ń ṣe mí bí èébì. Kí ni kí n ṣe?

Ojú ń sọ pé ẹ ń rìn, etí inú tó ń gbé èèyàn dúró ń sọ pé ẹ jókòó, àwọn méjèèjì ò gbọ́ra wọn yé, ìyẹn ló ń fà á. Ẹ jókòó sórí àga. Ẹ má lo fídíò tí ẹni tó yà á ń rìn, ẹ lo èyí tí wọ́n gbé kámẹ́rà dúró sójú kan. Tí òógùn tútù bá ti ń yọ, ẹ bọ́ ọ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ẹ má ní ẹ fẹ́ mú un mọ́ra, torí ẹni tó bá bì lẹ́ẹ̀kan kì í fẹ́ rí awò yẹn mọ́. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni mo fi mọ fún gbogbo èèyàn. Ẹ má sì bọ́ awò tán kẹ́ ẹ wa mọ́tò lójú ẹsẹ̀.

Ọmọdé: Meta tó ń ṣe Quest fúnra wọn ní ọmọ tí kò tíì pé 10 kò gbọ́dọ̀ lò ó, kí 2023 tó dé 13 ni wọ́n fi sí. Èmi ò gbà kí ọmọ tí kò tíì pé 13 lò ó títí di òní.

Ṣé mo lè pàdé ará Ṣáínà gidi nínú ẹ̀?

Kò rọrùn bí ẹ ṣe rò. Facebook ti di títì pa ní Ṣáínà láti 2009, àkáǹtì Meta tó ni Facebook sì ni Quest ń lò, ẹni tó wà nílé lọ́hùn-ún kì í sábà wà níbẹ̀. Pico ni ọ̀pọ̀ wọn ń lò, ilé iṣẹ́ ByteDance tó ni TikTok ló rà á ní 2021. Nínú VRChat, áàpù kan tí àwọn èèyàn ti ń pàdé bára wọn sọ̀rọ̀ nínú VR, ẹ lè rí àwọn tó ń sọ Mandarin, ìyẹn èdè Ṣáínà tí à ń sọ yìí, pàápàá àwọn ará Taiwan, àmọ́ ẹ ṣọ́ra, àjèjì ni wọ́n, kì í ṣe ibi tí màá rán ọmọ ilé ìwé lọ. Wákàtí méje ni wọ́n fi ṣáájú wa, tí ẹ bá wọlé ní aago mẹ́jọ alẹ́, aago mẹ́ta òru ni lọ́dọ̀ wọn. Aago kan ọ̀sán Sátidé ló dáa jù.

Tí ẹ bá fẹ́ rí wọn lójúkojú, Confucius Institute, ibi tí wọ́n ti ń kọ́ èèyàn ní èdè àti àṣà Ṣáínà, wà ní UNILAG, òmíràn wà ní Nnamdi Azikiwe University ní Awka, tíṣà tó ti Ṣáínà wá máa ń wà níbẹ̀. Mi ò rò pé VR lè dípò ìyẹn.

Ṣé ó lè ràn mí lọ́wọ́ láti yege HSK, ìdánwò èdè Ṣáínà fún àjèjì?

Díẹ̀. HSK tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lò ní 2010 ní ìpele 6: ìpele 1 ń fẹ́ ọ̀rọ̀ 150, ìpele 4 ń fẹ́ 1,200, ìpele 6 ń fẹ́ 5,000. Ní 2021 wọ́n gbé ìlànà tuntun jáde tó ní ìpele 9. Gbígbọ́, VR ràn án lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ sísọ, ìdánwò tiẹ̀ dá wà, HSKK ni wọ́n ń pè é, ibẹ̀ ló ti wúlò jù torí ẹ̀rù ọ̀rọ̀ sísọ ti kúrò lára èèyàn. Kíkà àti kíkọ, ẹ jókòó ti ìwé yín.

Ṣé kò ní gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀yin tíṣà?

Ta ló ṣe ọlọ́jà nínú fídíò màmá oníbáàgì? Ta ló mọ̀ pé sìshí ló fẹ́ sọ?

Mo jẹ́ tíṣà, mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ Sátidé yìí. Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Ẹ mú ibì kan ṣoṣo, ẹ jẹ́ kó jẹ́ ṣọ́ọ̀bù tíì, ẹ má kó ibi púpọ̀ jọ. Gbólóhùn márùn-ún péré: kí i, bi í léèló, ó ti wọ́n jù, mo fẹ́ èyí, ẹ ṣé. Ẹ pè é fún wọn láìkọ ọ́ síbì kankan, kí wọ́n pè é tẹ̀ lé yín títí tí ẹnu wọn ò fi ní kọ́ mọ́. Ẹ wá de awò mọ́ ẹni àkọ́kọ́ lójú, ìṣẹ́jú mẹ́jọ, ẹ kó ife àti gbogbo ohun tó lè fọ́ kúrò lórí tábìlì kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í na ọwọ́, ẹ ṣe ọlọ́jà, kí ẹnì kejì máa ta á lólobó. Ẹ fojú sí i pé ní ìgbà àkọ́kọ́, á kàn máa wò yí ká ni, ọ̀rọ̀ kankan ò ní jáde, ẹ má dá a lóró, ẹ jẹ́ kó wò ó tán.

Nígbà tó bá bọ́ awò, ẹ gbé ife gidi lé e lọ́wọ́, ẹ ní "Bǎ bēizi fàng zài zhuōzi shang." Tó bá gbé e sórí tábìlì láìkọ́kọ́ wo ojú yín, ẹ ní kóun náà sọ ọ́ fún yín, kẹ́ ẹ sì gbé e.